Awọ Tí Mo Pè Ní Ẹja

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni mo pa á fún, lórí ohun tí mo fi sí wọn lára, wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé lóṣù tó kọjá, mo gbìyànjú láti jẹ́wọ́ fún wọn. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ tán, ara á fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá sọ òpin rẹ̀ nìkan, ẹ ó rò pé mi ò fẹ́ràn wọn ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ìlú kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Nàgó ni wá, ìyẹn Yorùbá ti ìhà ibí, ìmàle sì ni wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá gbé mi lọ sí ilé wọn ní àdúgbò Tokpota. Tátà Sàlámátù ni màá máa pè wọ́n níbí, ṣùgbọ́n orúkọ wọn gan-an kọ́ nìyẹn. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Gabon, kò sì padà wá gbé ilé mọ́. Èmi ló kù sí wọn lọ́wọ́. Àṣàbí ni wọ́n ń pè mí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Kúlíkúlí ni Tátà ń dín tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rántí rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á lọ ẹ̀pà, wọ́n á fi ọwọ́ fún òróró rẹ̀ jáde, wọ́n á wá máa yí èyí tó kù lórí pákó títí á fi gùn bí okùn. Èmi ni mo máa ń ká a bí òrùka. Inú òróró tó ti ara rẹ̀ jáde náà ni wọ́n máa ń dín in sí. Gbogbo kàyé mi, ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ ilé ìwé, ló ní àbàwọ́n òróró. Mètírẹ́ẹ̀sì, olùkọ́ wa obìnrin, máa ń sọ pé òun kò ní láti wo orúkọ lẹ́yìn kàyé mi, pé imú òun ti tó.

Bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, Tátà máa ń se ẹsẹ̀ màlúù. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà lórí iná. Tó bá di ọjọ́ kejì, tí a bá ṣí ìkòkò, omi ọbẹ̀ á ti dì, á máa gbọ̀n jìgìjìgì bí a bá fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé báwo ni omi ṣe di nǹkan tó le.

“Omi kọ́ ló le,” ni wọ́n wí. “Okùn tó so màlúù pọ̀ ló tú sínú omi. Bó ṣe tutù yẹn, ó ń wá ara rẹ̀ kiri ni.”

Mo lọ sí Faransé, mo kàwé títí ojú fi ń dùn mí. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tó ṣàlàyé kọ́lájẹ́ẹ̀nì fún mi tó dára ju ìyẹn lọ. Okùn yẹn náà ni. Òun ló so awọ, egungun àti iṣan wa pọ̀. Òun ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ lé lórí, inú ìkòkò Tátà ni mo sì ti kọ́kọ́ rí i.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú, kó lè yé yín. Ní Àjàṣẹ́, àwa àti àwọn Gun, ìyẹn àwọn Ẹ̀gùn, jọ ń gbé ni. Ẹlẹ́dẹ̀ wọn ń rìn lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Tátà náà kì í bínú. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ kan kò gbọdọ̀ tẹ àgbàlá Tátà. Ìyá Gun kan wà tó jẹ́ aládùúgbò wa, èèyàn dáadáa ni. Lọ́jọ́ kan ó yá ṣíbí ìdáná Tátà lò, ọmọ rẹ̀ kan sì fi ro ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí ìyá náà mọ̀, ó sáré wá bẹ̀bẹ̀. Tátà bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú. Wọ́n fi yanrìn fọ ṣíbí náà lẹ́ẹ̀méje. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé e padà lọ fún ìyá yẹn pé kó máa lò ó, pé àwọn fi ta á lọ́rẹ.

Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Wọn kì í dójú ti ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í yẹsẹ̀.

Ní Faransé, ìrù eku ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́. A máa ń fa iṣan funfun inú rẹ̀ yọ bí òwú, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tó kan díẹ̀ títí á fi yọ́. Òtútù ìlú yẹn pọ̀, àárò ilé sì ń sọ mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí okùn yẹn tún ara rẹ̀ hun, tó di aṣọ funfun pélébé kan tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, mi ò rántí òtútù mọ́. Tátà ni mo fẹ́ fi hàn. Kò sí tẹlifóònù nílé wa nígbà náà. Mo kọ lẹ́tà, ẹlòmíràn ló kà á fún wọn.

Nígbà tí mo padà sílé, mo ríṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan níhìn-ín. Àlá mi ni pé ìpẹ́ ẹja inú ọ̀sà wa ni màá fi ṣe aṣọ egbò, ìyẹn aṣọ tí a ó fi bo ibi tí iná jó lára èèyàn kí awọ tuntun lè hù lábẹ́ rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja kò ṣòro rí. Àwọn obìnrin tó ń ha ẹja létí ọ̀sà, ńṣe ni wọ́n ń dà á nù.

Nígbà tí Tátà gbọ́, inú wọn dùn ju tèmi lọ. Wọ́n gbé ọpọ́n lọ sí etí ọ̀sà fúnra wọn, wọ́n bẹ àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n máa kó ìpẹ́ epìyà jọ. Epìyà ni ẹja tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní kápù. Tátà á fọ ìpẹ́ náà ní omi mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á sá a sórí ẹní ní àgbàlá. Oòrùn á tàn sí i, á máa dán bí gíláàsì. Àwọn èrò ọ̀nà á béèrè pé kí ni Tátà ń fi ìpẹ́ ẹja ṣe.

“Àṣàbí ń fi rán awọ,” ni wọ́n máa ń dá wọn lóhùn.

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ èyí. Òórùn ẹja àti òórùn ẹ̀pà á dàpọ̀ nínú àgbàlá yẹn, ológbò gbogbo àdúgbò á wá jókòó síta máa wò wá. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ní Faransé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fi mí joyè ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbà. Ẹja ń gbé inú omi tútù. Ara èèyàn gbóná jù fún okùn rẹ̀. Bí a bá gbé aṣọ ìpẹ́ ẹja sí ibi tó móoru bí ara, yóò máa yọ́ bí ṣúgà. A ṣe é kó nípọn, ó ń yọ́. A wá nǹkan dè é, ó ṣì ń yọ́. Ọdún ń gorí ọdún.

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé ìwádìí wa, tó sì máa ń bá mi ṣiṣẹ́. Sẹ́tọ̀njí ni màá pè é. Gun ni, ará Adjarra. Gbogbo wa ní Àjàṣẹ́ ló mọ̀ pé Adjarra ni àwọn tó fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ sísun máa ń lọ nígbà ìsinmi.

“Màdáàmù,” ló wí lọ́jọ́ kan, “kí ló dé tí a ò gbìyànjú awọ ẹlẹ́dẹ̀? Àwọn òyìnbó ń lò ó. Àwọn tó ń sun ún nílé wa á fún wa.”

Mo fi ọjọ́ mélòó kan rò ó. Lẹ́yìn náà mo ní kó mú un wá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ kírun. Aṣọ tó ti ibẹ̀ jáde lágbára. Ooru kò yọ́ ọ. Ó rọ̀, ó yi, ó dúró bí awọ èèyàn. Sẹ́tọ̀njí pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mi ò sọ fún Tátà. Ìpẹ́ ẹja ṣì wà lórí ẹní ní àgbàlá, mo sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni pé a ń lò ó. Mi ò fẹ́ kí ayọ̀ wọn dópin. Mo rò pé irọ́ kékeré nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ààrò yẹ̀, agbada òróró gbígbóná sì dà sí Tátà lẹ́sẹ̀ òsì, láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá pè mí. Mo gun zémí, alùpùpù tó ń gbé èrò, mo ń jágbe mọ́ ẹni tó ń wà á bí ẹni pé òun ló da òróró náà.

Oṣù kan ààbọ̀ ni Tátà lò ní ilé ìwòsàn, ojú iná náà kò jinná. Ó ń ṣomi, ó ń rà. Dókítà tó ń tọ́jú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin onísùúrù ni. Ó ní bí egbò náà kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí, àwọn lè ní láti gé ẹsẹ̀ náà. Ó wá rán mi létí ohun tí mo ti mọ̀, pé wọ́n ti fún wa láyè ní ilé ìwòsàn náà láti lo aṣọ egbò wa fún aláìsàn tó bá fọwọ́ sí i.

“Èyí tó lágbára yẹn,” ló wí. “Ṣé wọ́n á gbà?”

Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ìfọwọ́sí náà. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́. Ní ìlà kẹta, ó wà níbẹ̀ gbangba pé awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni a fi ṣe aṣọ náà, àti pé ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á lè kọ̀. Tátà kò mọ Faransé kà. Ẹnìkan ní láti tú u fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Dókítà gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin ni ọmọ wọn,” ló wí. “Ẹ kà á fún wọn.”

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Dókítà dúró lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Nàgó. Mo ka ìlà kìíní bó ṣe wà. Mo ka ìkejì bó ṣe wà. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo gbójú sókè. Tátà ń wo ẹnu mi. Ojú wọn ti jìn wọnú, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń ka ìwé ilé ìwé mi sókè ní kékeré, tí wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

“Kí ni wọ́n fi ṣe é?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní, “Ìpẹ́ ẹja ni, Tátà.”

“Èyí tí mo fọ̀?”

“Èyí tí ẹ fọ̀ ni.”

Wọ́n na ọwọ́. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Wọ́n ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ ó rọ, Àṣàbí.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á kọ̀, bí wọ́n bá sì kọ̀, wọ́n á di ẹlẹ́sẹ̀ kan, tàbí kí wọ́n kú. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí fún ara mi pé màá sọ gbogbo rẹ̀ níbí. Nǹkan míràn tún wà níbẹ̀. Tátà ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a máa lò ó fún. Mo fẹ́ rí i bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ìdí méjèèjì jọ wà nínú mi lórí àga yẹn, títí dòní mi ò lè sọ fún yín èwo ló wúwo jù.

Ó ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò ó. Etí egbò náà kọ́kọ́ pọ́n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ sínú díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń fà. Òórùn rẹ̀ lọ. Awọ tuntun hù, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Lọ́jọ́ tí Tátà fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, dókítà sunkún. Èmi náà sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún kan náà ni.

Sẹ́tọ̀njí bá mi lọ kí wọn nílé. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìpẹ́ ẹja dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí a ṣe jáde, ó ní, “Màdáàmù, ẹ ò sọ fún wọn.” Kì í ṣe pé ó ń bi mí. Mo ní màá sọ bí ara wọn bá le. Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tátà wá ń sọ ọ́ kiri. Níbi àpéjọ àdúrà àwọn obìnrin, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n fi ẹsẹ̀ han gbogbo wọn. “Ẹ wò ó! Ìpẹ́ tí èmi fọwọ́ ara mi fọ̀ ni. Ọmọ mi ló fi rán an.” Àwọn obìnrin náà ń ké Allahu Akbar. Èmi wà níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń wo ẹní.

Ẹnì kan tó gbọ́ ìròyìn náà ni màá pè ní Ìyá Fèlísì. Mètírẹ́ẹ̀sì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan nítòsí wa. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, àwọn náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ló gbiná mọ́ ọn lápá. Tátà fúnra wọn ló mú un wá bá mi. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tó san yẹn rìn wá.

“Ṣé ẹja ni lóòótọ́?” ni Ìyá Fèlísì béèrè.

Mo ní ẹja ni.

“Ohun tó bá ti tó Tátà ti tó mi. Ẹ gbé bíìkì wá kí n fi fọwọ́ sí i.”

Obìnrin tó gbọ́ Faransé jù mí lọ nìyẹn. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀, kò kà á. Ó fọwọ́ sí i, ó ká ẹ̀dà tirẹ̀, ó fi sínú àpò rẹ̀. Apá rẹ̀ san. Irọ́ tí mo pa fún Tátà dùn mí títí dé egungun. Èyí kò dùn mí rárá. Ìyẹn ló wá já mi láyà nígbà tí mo délé.

Lẹ́yìn rẹ̀, mi ò lo ti ẹlẹ́dẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo yí iṣẹ́ padà sí awọ màlúù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Faransé béèrè ìdí, mo ní awọ màlúù ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àbọ̀ ìwádìí tí mo kọ nípa ẹsẹ̀ Tátà àti apá Ìyá Fèlísì ṣì wà níta, ẹni tó bá wá a yóò rí i. Ó wà níbẹ̀ kedere pé awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Òtítọ́ ni mo kọ ní Faransé. Nàgó ni mo fi purọ́. Àwọn tí kò kàn ni mo sọ òótọ́ fún.

Bí iyì mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n pè mí lọ sí ìlú òkèèrè láti sọ̀rọ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá rántí yàrá yẹn, ariwo ẹ̀rọ amúǹkantutù, aṣọ egbò funfun tí a tò sínú àwo, Sẹ́tọ̀njí tó ń kọ orin Gun sínú bó ti ń fọ ìgò, ó ń ṣe mí bíi kí n tún padà síbẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó sọ pé kí a gbìyànjú ẹlẹ́dẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ padà sí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ bá àlùfáà kan. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí tàbí ẹ̀yà ara ló fẹ́ lọ, tí kò sì sí òmíràn, Ọlọ́run kò ni ẹrú rẹ̀ lára. Ọkàn mi balẹ̀. Ó wá wo ojú mi. “Ọ̀ràn awọ kọ́ ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí,” ló wí. “Kí ọ̀rẹ́ yín lọ bá ẹni tó purọ́ fún, nígbà tí ó ṣì wà láyé.” Mo ní màá jíṣẹ́. Mi ò lọ.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Tátà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ara wọn le, ẹsẹ̀ wọn le, ṣùgbọ́n iyè wọn ń ra. Nígbà míràn wọ́n á fi orúkọ ìyá mi pè mí. Nígbà míràn wọ́n á béèrè bóyá mo ti yí ẹ̀pà náà, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti fi kúlíkúlí sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Àárọ̀ ni iyè wọn máa ń jí jù.

Lóṣù tó kọjá, mo bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò ṣi orúkọ kan. Mo ní lónìí ni.

“Tátà, ìwé tí mo kà fún yín ní ilé ìwòsàn nígbà ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín, mi ò kà á bó ṣe wà.”

“Ìwé wo?”

“Èyí tí ẹ tẹ̀ka sí. Ẹja kọ́ ni, Tátà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni.”

Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

“Ìpẹ́ tí mo ń fọ̀ ńkọ́?”

“Kò ṣiṣẹ́, Tátà. Kò ṣiṣẹ́ rí.”

“O sì jẹ́ kí n máa fọ̀ ọ́. O ò bi mí.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà ni.”

“O ò mọ̀. Èmi gan-an ò mọ̀. Bóyá ǹ bá pe àlùfáà kí n bi í. Bóyá ǹ bá gbà. Bóyá ǹ bá ní kí wọ́n gé e. Ẹsẹ̀ mi ni, Àṣàbí. O ò bi mí.”

Omijé ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí ẹkún wọn rí, ọjọ́ tí bàbá mi kú ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí jì mí. Wọn ò lé mi, wọn ò sì fà mí dìde.

“Máa lọ sílé,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kí n rò ó. Wá lọ́la, màá dá ọ lóhùn.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ojú wọn tàn bí wọ́n ṣe rí mi. “Àṣàbí! Ó ti pẹ́ tí o ti wá wò mí.” Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ àná. “Àná? Ṣé o wá lánàá ni?” Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìyàwó tuntun kan ládùúgbò wá kí wọn. Tátà ká ìró sókè. “Ìyàwó, wo ẹsẹ̀ yìí. Ìpẹ́ ẹja ni ọmọ mi yìí fi rán an.”

Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń díbọ́n. Wọn ò díbọ́n. Inú wọn ń dùn ni.

Mo ti lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Mo ń dúró de ìdáhùn tí wọ́n ṣèlérí, wọn ò rántí pé àwọn jẹ mí ní ìdáhùn kankan. Bí mo bá tún sọ ọ́, wọ́n á tún sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, wọ́n á sì tún gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa pa wọ́n lẹ́kún kí èmi lè rí ìdáríjì gbà? Àbí mo ti jẹ́wọ́, ó ti tán?

Ohun tó burú jù kò tíì tán. Nígbà tí mo ń darí sílé lọ́jọ́ yẹn ni mo tó bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ti ń gbàgbé ni mo rí ẹnu sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ní. Ẹni tí yóò gbàgbé ni mo lọ jẹ́wọ́ fún. Ìyá Fèlísì wà láàyè, kò gbàgbé nǹkan kan. Lọ́dọọdún ló ń fi káàdì kí mi kú ọdún tuntun, apá tó san yẹn ló fi ń kọ ọ́. Ìwé tó ká sínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ dòní. Mi ò tíì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bọ́ ọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi nímọ̀ràn. Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́, mo gbà á. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ fún mi, pé ẹsẹ̀ náà sáà san. Mo mọ̀ pé ó san.